Bí wọ́n bá dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, ta ló jèrè?

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má wulẹ̀ máa wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ márààrún mọ́, pé ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, ní Oṣù Kẹfà 2022, ilé-iṣẹ́ 61 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ iṣẹ́ di ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún òṣìṣẹ́ bí 2,900, wọn ò sì yọ kọ́bọ̀ nínú owó ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ka ìròyìn méjèèjì lórí fóònù yín, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Rárá o. Ti Kwara wáyé nítorí pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti kúrò nílẹ̀, owó ọkọ̀ fò sókè, òṣìṣẹ́ ò sì rí owó wọkọ̀ mọ́. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wáyé nítorí pé àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá ènìyàn lè fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n bá gbọn àfikún tí kò wúlò kúrò lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń dojú rú. Ẹni tó ní ó dára àti ẹni tó ní ìwà ọ̀lẹ ni, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lọ́kàn àwọn méjèèjì, wọ́n kàn ń fi orúkọ kan náà pè é ni. Kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí kí a tó lọ jìnnà: ọjọ́ iṣẹ́ tó dínkù máa ń ṣe òṣìṣẹ́ láǹfààní bí wákàtí bá dínkù, tí owó ò dínkù, tí ẹnìkan sì wà nílẹ̀ tí yóò ṣe iṣẹ́ tó ṣẹ́kù. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ tún un wò dáadáa.

Irú èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ni èyí tí wákàtí dínkù tí owó sì dúró gbọn-in. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 40 lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ á máa ṣe 32, owó oṣù rẹ̀ á pé. Ohun tí ọ̀gá ń béèrè ni pé kí iṣẹ́ má ṣe dínkù. Àwọn tó ń polongo rẹ̀ máa ń kọ ọ́ báyìí: 100-80-100. Owó pé, àkókò di ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ pé. Irú kejì wà tí wákàtí rẹ̀ ò dínkù rárá, wọ́n kàn ká a jọ ni. Láti Oṣù Kọkànlá 2022, òfin ilẹ̀ Belgium gba òṣìṣẹ́ láàyè láti bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé òun fẹ́ parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 38 lọ́sẹ̀ á wá máa ṣe wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ lójúmọ́. Bí ìgbà tí ènìyàn bá rọ́ ẹrù Ghana-must-go sínú àpò kékeré ni: ẹrù ò dínkù, okùn àpò ló ń fà ya. Irú kẹta ni èyí tí wákàtí dínkù tí owó náà bá a lọ. Ìgbà tí ọjà ò bá tà ni ọ̀gá sábà máa ń gbé e jáde, orúkọ dídùn ló sì máa ń fún un.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ìwádìí ti fi hàn pé ọjọ́ mẹ́rin dára, irú kìíní ni ìwádìí náà dá lé lórí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rí rẹ̀ ta irú kejì tàbí ìkẹta fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn dáadáa, torí òun ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Oṣù mẹ́fà ló gbà, ó parí ní Oṣù Kejìlá 2022. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cambridge àti Boston College ló ń tọpa rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní Oṣù Kejì 2023, 56 nínú ilé-iṣẹ́ 61 náà ní àwọn ò ní padà sí ọjọ́ márùn-ún, 18 nínú wọn sì ti sọ ọ́ di òfin ilé pátápátá. Nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, 39 ní ìdààmú ọkàn àwọn dínkù. 71 ní àárẹ̀ burúkú yẹn, èyí tó máa ń mú ènìyàn kórìíra iṣẹ́ tó ń jẹ, ti rọlẹ̀ lára àwọn. Iye àwọn tó ń kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ní ọdún kan lẹ́yìn tí ìdánwò parí, ilé-iṣẹ́ 54, ó kéré tán, ṣì ń bá a lọ.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló wúwo jù lójú tèmi. Ẹnikẹ́ni lè sọ fún olùwádìí pé inú òun dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń ná owó ara rẹ̀ kò ní fi ọdún kan gbáko máa ṣe ohun tó ń pa á lówó nítorí kí ojú má baà tì í.

Níbo wá ni wọ́n ti rí ọjọ́ kan odidi yọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ òfíìsì rí lè dáhùn fúnra yín. Mítìnì ni. Mítìnì àárọ̀ Mọ́ńdè tí ènìyàn mẹ́rìnlá jókòó sí, tí àwọn mẹ́ta ń sọ̀rọ̀, tí àwọn tó kù ń fi fóònù wo fọ́tò ìgbéyàwó lábẹ́ tábìlì, tí ọ̀gá á sì wá ní ká tún padà jókòó ní Wẹ́sìdè torí pé ẹnu ò tíì kò. Ó tún kan ìméèlì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ogún ènìyàn nígbà tó jẹ́ pé ẹnìkan ló kàn, àti ìwé tó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ọ̀gá mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó ra yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní Oṣù Kẹjọ 2019, ẹ̀ka Microsoft ní Jàpáànù ti òfíìsì pa ní gbogbo Fúráìdè oṣù náà, wọ́n sì ní mítìnì kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n ní ọjà tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tà fi bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti Oṣù Kẹjọ ọdún tó ṣáájú, iná mànàmáná tí wọ́n lò sì fi ìdá 23 dínkù. Oṣù kan péré ni o. Kò sẹ́ni tí kò lè fi oṣù kan sáré bí ó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Ẹ má tíì gbé èsì yìí lọ bá ọ̀gá yín. Àbùkù wà lára rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wọ inú ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, fúnra wọn ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, wọn ò ṣẹ́ gègé mú wọn. Ọ̀gá tó bá lè gbà láti dán irú nǹkan báyìí wò, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ́ ọ̀gá tó ń gbọ́ ti òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kéré, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín wà láàárín wọn. Bákan náà, ẹnu òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ tó sì mọ̀ pé èsì yìí ni yóò sọ bóyá Fúráìdè òun á ṣì jẹ́ ti òun, ṣé ẹ rò pé yóò sọ pé nǹkan ò dára?

Ìwádìí míràn tó jáde ní 2025 nínú ìwé ìròyìn Nature Human Behaviour gbìyànjú láti dí àlàfo yìí díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ 141 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ló wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,900. Wọ́n tún wá ilé-iṣẹ́ méjìlá tí kò dín nǹkankan kù, wọ́n fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti fi wéra. Àárẹ̀ iṣẹ́ rọlẹ̀ níbi tí wọ́n ti dín àkókò kù, ara àwọn òṣìṣẹ́ sì yá sí i. Wọn ò rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjìlá yẹn. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú: ẹni tí wákàtí rẹ̀ dínkù jù lọ ni ara rẹ̀ yá jù lọ. Ẹni tí wọ́n yọ wákàtí mẹ́jọ fún jèrè ju ẹni tí wọ́n yọ wákàtí méjì fún lọ. Wákàtí ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rí míràn ni ilẹ̀ Iceland. Láàárín 2015 sí 2019, ìjọba ibẹ̀ àti ìlú Reykjavík dín wákàtí òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,500 kù, láti 40 sí 35 tàbí 36, wọn ò fọwọ́ kan owó wọn. Kì í ṣe òfíìsì nìkan o, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ilé ìtọ́jú ọmọ wà níbẹ̀. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ tan káàkiri ayé ní 2021, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ gàdàgbà pé Iceland ti gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Irọ́ ni. Wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n yọ lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì ń lọ síṣẹ́ ní ọjọ́ márààrún, wọ́n kàn ń tètè délé ni. Nígbà tó fi máa di ìgbà yẹn, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà ló ti ń ṣe wákàtí tó dínkù tàbí tó ti gba ẹ̀tọ́ láti béèrè fún un, nípasẹ̀ àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe. Mo fẹ́ràn ti Iceland ju gbogbo rẹ̀ lọ nítorí pé kò ní àṣehàn nínú. Ẹni tó ń délé ní aago mẹ́ta ní ọ̀sán Tọ́sìdè lè lọ mú ọmọ rẹ̀ ní iléèwé, ìyẹn sì lè wúlò fún un ju odidi Fúráìdè tí yóò fi sùn lọ.

Oorun yẹn gan-an ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní ìlú òyìnbó. Ní ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 37 àbọ̀ ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló sì ń fi shift wákàtí méjìlá-méjìlá ṣe é, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìyá tó wà ní Ìbàdàn á gbọ́, á ní, “Ìwọ tó ń sinmi ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, kí ló dé tí mi ò gbúròó rẹ?” Ọmọ á ní, “Màámi, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Oorun ni mo fi sùn.” Irọ́ kọ́ ló pa. Ó ti jí ní aago márùn-ún àárọ̀ kó lè bá bọ́ọ̀sì, ó ti dúró lórí ẹsẹ̀ láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ di alẹ́, ó ti fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń gbà á lọ́wọ́, ó ti délé ní aago mẹ́sàn-án, ó sì máa tún un ṣe lọ́la. Ọjọ́ kìíní lẹ́yìn rẹ̀, ara ò gbọ́ tirẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè méjìlá ní Yúróòpù, tó jáde ní 2015, rí i pé àárẹ̀ iṣẹ́ pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe shift wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju àwọn tó ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lọ, inú wọn ò sì dùn sí iṣẹ́ náà tó ti àwọn yẹn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ wọn ló kéré jù o.

Ohun míì tún wà tí àwọn olùwádìí kì í sábà kà, tí gbogbo wa mọ̀. Ọjọ́ òfo kì í pẹ́ dọjà. Ẹni tó ní owó ilé láti san, tó ní àbúrò ní yunifásítì nílé, tí wọ́n tún ń pè lórí òrùlé ilé bàbá tó ń jò, bí ó bá rí ọjọ́ mẹ́rin tó ṣófo, shift mìíràn ni yóò wá fi sí i. Owó ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń fi ọjọ́ náà wá. Mi ò bá a wí. Mo kàn ń sọ pé ẹ má ka ọjọ́ yẹn mọ́ ìsinmi.

Ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ti gbìyànjú irú kíká-jọ yìí láti 2008: wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, òfíìsì ìjọba di títì ní Fúráìdè. Ní 2011 wọ́n fi í sílẹ̀. Owó tí wọ́n rò pé àwọn máa rí pamọ́ kò tó bí wọ́n ṣe rò, àwọn ará ìlú sì ń ráhùn pé àwọn dé ẹnu ọ̀nà òfíìsì ní Fúráìdè, kò sẹ́ni tó dá àwọn lóhùn.

Ní ti iṣẹ́ tí kò ṣeé dá dúró, ìṣirò ni yóò jẹ́ kó yé wa. Ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí 168. Bí wọ́ọ̀dù kan bá nílò nọ́ọ̀sì mẹ́rin tó wà nídùúró tọ̀sán tòru, iṣẹ́ wákàtí 672 ni lọ́sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe wákàtí 40, ènìyàn 17 á gbé e. Bí ẹ bá sọ ọ́ di wákàtí 32 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di ènìyàn 21. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà kún un ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ká má tíì sọ ti ẹni tó lọ ìsinmi ọdún tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Kò sí mítìnì tí ẹ lè gé níbẹ̀ láti fi rọ́pò wọn. Aláìsàn tó fẹ́ kí wọ́n yí òun padà lórí ibùsùn ní aago mẹ́ta òru kò mọ 100-80-100.

Ìlú Gothenburg ní Sweden ti rí èyí pẹ̀lú ojú ara wọn. Láti ọdún 2015 títí di òpin 2016, wọ́n sọ iṣẹ́ àwọn olùtọ́jú ní ilé àwọn arúgbó kan tó ń jẹ́ Svartedalen di wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ dípò mẹ́jọ, owó wọn pé. Ìsinmi àìsàn dínkù láàárín àwọn olùtọ́jú, wọ́n sì ráyè bá àwọn arúgbó náà ṣeré, wọ́n ráyè bá wọn rìn jáde. Ṣùgbọ́n kó tó lè rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gba ènìyàn 17 kún àwọn tó wà níbẹ̀, ó sì ná ìlú náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 12 owó kronor. Nígbà tí ìdánwò parí, wọn ò bá a lọ. Ó dára fún òṣìṣẹ́, ó dára fún arúgbó, àpò ìlú ò gbé e. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń já pa lójoojúmọ́, ká tilẹ̀ ní owó wà, níbo la ó ti rí mẹ́rin tí a ó fi kún wọ́ọ̀dù kan?

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Kwara. Ṣé òṣìṣẹ́ jèrè níbẹ̀? Mo ní ó jèrè. Ká ní ẹnìkan ń ná ₦2,000 lójúmọ́ láti lọ àti láti bọ̀. Bó bá ń lọ ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, bí ọjọ́ 22 lóṣù nìyẹn, ó ti ná ₦44,000. Bó bá di ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí ọjọ́ 13, ó ná ₦26,000. ₦18,000 ló kù sí i lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé owó oṣù tó kéré jù lọ dé ₦70,000 ní 2024, ₦18,000 kì í ṣe owó kékeré. Èyí jẹ́ kí n lè sọ pé àfikún owó oṣù ni ohun tí Kwara ṣe, wọ́n kàn gba ojú owó ọkọ̀ fún un ni. Ìjọba Èkó náà gbé irú rẹ̀ jáde ní Oṣù Kejì 2024: àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele 1 sí 14 á máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ipele 15 sí 17 á máa wá ní mẹ́rin. Àwọn tíṣà ò sí nínú ìyẹn, nítorí ọmọ iléèwé ń lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ márààrún. Gómìnà ní owó ọkọ̀ ni wọ́n á fi ran àwọn yẹn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ẹ̀yìn káńtà. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì wọ ọkọ̀ láti Ọ̀ffà lọ sí Ìlọrin nítorí ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó dé sẹkitéríàtì ní Túsìdè. Wọ́n ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹni tó mọ̀ nípa fáìlì yín, Mọ́ńdè, Wẹ́sìdè àti Fúráìdè ló ń wá.” Ó padà sílé, ó tún wọ ọkọ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ fi pamọ́, bàbá yìí ló san án. Bí iṣẹ́ òfíìsì náà bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí bàbá lè fi fóònù ọmọ rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ náà láti Ọ̀ffà, ìyẹn ì bá yàtọ̀. Wọ́n dín ọjọ́ kù ṣáájú kí wọ́n tó tún ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà rìn ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oṣù méjì gbáradì ná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní gbogbo èyí, ìwà ọ̀lẹ ni, pé ọjọ́ márùn-ún ni Ọlọ́run fi lélẹ̀. Ọlọ́run ò mọ̀ ọ́n. Ní 1919 ni àdéhùn àkọ́kọ́ ti àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ lélẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọjọ́ mẹ́fà sì nìyẹn. Henry Ford ló sọ Sátidé di ọjọ́ ìsinmi fún àwọn tó ń ṣe mọ́tò fún un ní 1926, òwò rẹ̀ ò sì dàrú. Ní 1938 ni òfin Amẹ́ríkà tó fi ààlà sí wákàtí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ láti 44, ó sì di 40 ní 1940. Àwọn baba wa náà ní tiwọn, ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn, ọjà ọrún ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tí wọ́n á gbé ọkọ́ sílẹ̀. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, John Maynard Keynes, sọ ní 1930 pé tó bá fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ á tó ènìyàn. 2030 ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá ẹni tó ń ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kò dájú pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni ó yẹ kó ká wa lára jù ní Nàìjíríà o. Ó lé ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti ìwé àdéhùn: aránṣọ, mẹkáníìkì, onídìrí, ìyá aláta, ọlọ́kadà. Bí ẹ bá sọ fún vọ́kánáísà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ pé kó má ṣiṣẹ́ ní Fúráìdè, owó oúnjẹ Fúráìdè lẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ owó ojúmọ́, ìdá márùn-ún owó rẹ̀ ni ọjọ́ kan nínú márùn-ún. Kò sí 100 kankan níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn yẹn ni àpọ̀jù wákàtí ń pa jù. Àjọ ìlera àgbáyé àti ILO ṣírò rẹ̀ pọ̀ ní 2021: ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lórí rẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu pé àrùn ọkàn máa pa á sì fi ìdá 17 pọ̀ jù. Wọ́n ní ènìyàn 745,000 ló tipa báyìí kú ní 2016. Ẹ wá wo máìgádì tó ń ṣọ́ ẹnu géètì láti aago mẹ́fà àárọ̀ di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 72 nìyẹn. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò dárúkọ iye wákàtí kan pàtó fún ọ̀sẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá bá jọ fẹnu kò lé lórí ni, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá ọ̀gá dúnàádúrà. Ohun tó là sílẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ rí ọjọ́ kan sinmi nínú méje, ó kéré tán wákàtí 24, àti pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí kan sinmi láàárín iṣẹ́. Máìgádì wo ni ẹgbẹ́ tó ń bá a dúnàádúrà? Bí ẹnìkan bá lè sọ 72 yẹn di 48 láì yọ owó rẹ̀, àǹfààní tí ìyẹn máa ṣe á ju gbogbo Fúráìdè tí ẹ lè fún àwọn tó ń ṣe 40 ní òfíìsì alátẹ́gùn tútù lọ.

Ohun tí wọ́n ń jà fún ní Brazil báyìí jọ èyí. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1988 fi wákàtí 44 lọ́sẹ̀ lélẹ̀, àwọn ilé ìtajà ńlá àti ilé olóògùn sì ń pín in sí ọjọ́ mẹ́fà, ìsinmi ọjọ́ kan. Wọ́n ń pe ètò náà ní mẹ́fà-sí-ọ̀kan. Rick Azevedo, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé olóògùn rí, ló gbé ariwo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ariwo náà sì gbé òun fúnra rẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio ní 2024. Ní Oṣù Kejì 2025, Erika Hilton, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ibẹ̀, gbé àbá wá pé kí wákàtí náà di 36. Àwọn tó ń tajà, tó ń to ẹrù sórí pẹpẹ, ló bẹ̀rẹ̀ tiwọn níbẹ̀. Kò ti ọ̀dọ̀ àwọn oní-kọ̀ǹpútà wá.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ọ̀gá yín gbé ìwé ọjọ́ mẹ́rin síwájú yín, ní Èkó tàbí ní Manchester, iye wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀, ẹ fi iye ọjọ́ sílẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ 40 ni, ẹrù Belgium ni wọ́n gbé fún yín. Ẹ wo bóyá oṣù ni wọ́n fi ń san owó yín tàbí wákàtí, torí ẹni tí wọ́n ń fi wákàtí san owó fún, ìdínkù wákàtí ni ìdínkù owó rẹ̀ àfi tí wọ́n bá gbé iye owó wákàtí kan sókè. Ẹ béèrè ibi tí ófátáìmù ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ṣé lẹ́yìn wákàtí 32 ni, àbí ó di lẹ́yìn 40? Ẹ béèrè ta ni yóò máa gbé fóònù ní ọjọ́ karùn-ún, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀yin náà ni, láti orí bẹ́ẹ̀dì yín.

Kí ẹ sì wo ìsinmi ọdún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 28 lọ́dún lábẹ́ òfin, ẹni tó ń ṣe mẹ́rin ní ẹ̀tọ́ sí 22.4. Kò sí ìrẹ́jẹ nínú ìyẹn, ọ̀sẹ̀ 5.6 kan náà ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá míì wà tó jẹ́ pé bí ìsinmi ìjọba bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Mọ́ńdè yẹn ló máa kà sí ọjọ́ òfo yín fún ọ̀sẹ̀ náà, ẹ ó sì rí ara yín ní òfíìsì ní Fúráìdè. Ó yẹ kí ìyẹn wà lákọsílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.